Àṣekágbá Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Kọ́bọ̀ Pín

Inú ṣì ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ẹ̀rín rántí ìgbà èwe. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe díẹ̀, àwọn kan sì ti ní kí n gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òwu, mo sì ń lọ sí ọ́fíìsì ní Ìkẹjà lójoojúmọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń jáde, ìgbà tí mo bá sì fi máa padà dé, àwọn ará àdúgbò á ti máa ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló jẹ́ tèmi, rọ́gbì ni mo sì ń fi í gbá. Rọ́gbì eléèyàn méje ni tiwa: méje níhà ìhín, méje níhà ọ̀hún, ìṣẹ́jú méje, ìsinmi díẹ̀, ìṣẹ́jú méje mìíràn, ó parí. Ẹni tí kò gbá a rí á rò pé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kò tó nǹkan. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà, kó sáré lórí odindi pápá, kí ẹnìkan rọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó gbé e lulẹ̀, kó dìde, kó tún máa sáré. Á mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó.

Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé ni, kò sì yé e ìdí tí obìnrin tó kàwé á fi máa wọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ níṣojú àwọn èèyàn. Bí mo bá wọlé, á wo orúnkún mi, á ní, "Ṣé nítorí èyí ni mo ṣe rán ẹ lọ sí yunifásítì?" Lẹ́yìn náà á dìde, á gbé omi kaná, á fi jó o fún mi.

Tíṣà eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ni obìnrin tó kọ́ wa. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò ga, kì í pariwo, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ máa ń dé ìpẹ̀kun pápá. "Mà" là ń pè é. Òun ló ṣà wá jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ kí ẹbí rẹ̀ kan ní Ọ̀fàdà, ó sì rí ọmọbìnrin kan tó ń lé ewúrẹ́ jáde nínú oko ìrẹsì. Ó dúró wò ó títí, ó bá lọ bá bàbá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà ṣe dara pọ̀ mọ́ wa nìyẹn. Ọmọ ogún ọdún ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ lé e. Ọmọ Ọ̀fàdà ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni balógun ikọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹsẹ̀ wa.

Lọ́dún náà, wọ́n kéde pé Abẹ́òkúta ló máa gba ìdíje àwọn obìnrin gbogbo ẹkùn wa lálejò. Ikọ̀ mẹ́fà ló ń bọ̀ láti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí wa ká. Oṣù mẹ́jọ la fi múra. Òjò rọ̀ sí wa lára, oòrùn pa wá, ìgbà míì sì wà tí mo sùn lọ lójú ìjókòó ọ́fíìsì mi. Ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n yàn láti ṣètò rẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn, a ò sì rí ojú ọ̀kan nínú wọn níbi tí a ti ń ṣe ìgbaradì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Aago méje àárọ̀ Sátidé la dé pápá ìṣeré náà. Wọn ò tíì fa ìlà kankan. Mà bọ́ bàtà rẹ̀, ó bu ẹfun sínú páànù, àwa àti òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Wọ́n ti yàrá ìpààrọ̀-aṣọ pa, wọ́n ní àwọn àgbààgbà ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìntì nínú eré náà máa gbá ìdíje ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, àwọn ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè. Ẹ̀yìn ògiri la ti pààrọ̀ aṣọ, àwọn kan na ìró bò wá. Wọ́n tún ní a ò lè lo pápá ńlá títí di àṣekágbá. Pápá ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n darí wa sí, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti pọ̀ ju koríko lọ.

A fara da gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí nígbà míì, pé a fara dà á. Wọ́n ní, "Ẹ ní sùúrù," a ní sùúrù. Wọ́n ní, "Ní aago mẹ́rin, pápá ńlá, àṣekágbá yín," a sì di ìyẹn mú.

A borí nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́. Nínú ẹ̀kẹta, tó máa gbé wa dé àṣekágbá, Ọmọ Ọ̀fàdà ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, a sì ń ṣíwájú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n gbé e ṣubú. Kò sí ìkà níbẹ̀, bí eré náà ṣe rí ni, ṣùgbọ́n orí òkúta ló fi èjìká sọ̀. Mo gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ń wo apá rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Èjìká ti yẹ̀ kúrò nípò rẹ̀.

Mo sá lọ síbi tí áńbúláǹsì wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n to àga aláṣọ funfun sí fún àwọn èèyàn pàtàkì. Dírẹ́bà jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ kan ti fara pa. Èjìká rẹ̀ ti yẹ̀."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ kúrò níbí títí àlejò pàtàkì á fi lọ. Wọ́n ní nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wà níbí."

"Níbo ni àlejò náà wà?"

"Kò tíì dé."

Ẹni tí kò tíì dé ni wọ́n tọ́jú áńbúláǹsì sí, ẹni tí apá rẹ̀ yẹ̀ sì jókòó sórí òkúta. Mo bẹ dírẹ́bà. Ó pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ lórí fóònù, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó mi orí. Mo padà lọ bá Mà. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ti ń tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so apá ọmọ náà mọ́ àyà, ó gbé e sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ṣí, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn.

Kó tó wa ọkọ̀ jáde, ó pè mí, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà o. Má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣeré."

A parí eré náà, a sì borí. Ikọ̀ tó wá láti Oǹdó ni a ó bá pàdé nínú àṣekágbá. Nọ́ọ̀sì ni balógun wọn, ó jù mí lọ ní bí ọdún márùn-ún, ó ní ojú líle, ó sì máa ń tiro díẹ̀ bó bá ń rìn. Kí a tó mọ ara wa dáadáa, ó ti wá béèrè nípa èjìká Ọmọ Ọ̀fàdà, ó sì ṣàlàyé fún mi bó ṣe yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ wá bá wa, ọkùnrin tó wọ kóòtù nínú oòrùn yẹn. Ó pe èmi àti balógun Oǹdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àlejò pàtàkì ti dé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ tètè lọ. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn àgbààgbà gbá tiwọn níṣojú rẹ̀, àyè kò sì ní sí fún àṣekágbá mọ́. Ó wá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́bọ̀ kan jáde.

Ó ní, "A ó ju èyí sókè. Ẹni tó bá mú un, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ. Kò sí ìjà níbẹ̀."

Balógun Oǹdó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ ká fi kọ́bọ̀ pín àṣekágbá?"

"Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò, mádàámú."

Ó tún rántí nǹkan kan. Ó kọjú sí mi, torí èmi ni onílé, ó ní, "Kí o sì bá mi mú bí ọmọ mẹ́fà nínú yín tí ojú wọn fani mọ́ra. Kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n ró ìró, kí wọ́n wá bá wa gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò."

Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Ẹfun tí mo fi fa ìlà fún wọn láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Wọ́n ní kí n lọ ṣa àwọn arẹwà wá kí wọ́n wá gbé àwo.

Mo ní, "Sà, a ò ní gbé àwo, a ò sì ní ta kọ́bọ̀. Eré la wá gbá."

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ẹ mú ojú kan, ẹ jẹ́ ká lọ."

Balógun Oǹdó kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Mo fi ọmọ oṣù mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi kí n tó lè wá síbí. N kò wá wo kọ́bọ̀."

Ọkùnrin yìí wò wá, ó wo aago, ó bá ju kọ́bọ̀ náà sókè fúnra rẹ̀. Ó bọ́ sáàárín koríko. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òun ló bẹ̀rẹ̀, tó tú koríko títí tó fi rí i, ó sì ní, "Abẹ́òkúta ló mú un."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀? Kò sẹ́ni tó mú ojú kankan nínú wa."

Ó ti ń lọ.

Àwọn àgbààgbà gbá tiwọn. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣeré tó dùn, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ikùn kò jẹ́ kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n lò. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni tiwa kò bá gbà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ jáde, àlejò pàtàkì dìde, ó gbé e dání, ohùn kan sì jáde nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kí balógun Abẹ́òkúta wá gba ife. Mo jókòó sórí koríko láàárín àwọn èèyàn mi. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Ikọ̀ Oǹdó dìde níbi tí wọ́n wà, wọ́n wá jókòó tì wá. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Àlejò náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ife náà lé orí tábìlì, ó lọ. Áńbúláǹsì tẹ̀ lé e.

Rẹfirí tó yẹ kó darí àṣekágbá wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Ìbàdàn ni. Ó wá bá wa bí àwọn èèyàn ṣe ń tú ká. Ó ní, "Ibi tí mo sùn kò jìnnà, mi ò sì ní kúrò títí di ọ̀la. Bí ẹ bá rí pápá, màá wá." Mo bi í pé ṣé kò bẹ̀rù pé kí wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo ní òmíràn nílé."

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ewébẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń gbọ́, kò gbé orí. Mo rò pé á ní ṣé òun ò ti sọ fún mi. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ ló dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Tún ìyẹn sọ."

Mo tún un sọ.

"Ó ní kí ẹ wẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ká wẹ̀, ká ró ìró."

Ó gbé ewébẹ̀ náà sílẹ̀. Ó wá ní, "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ obìnrin. Ìgbàkígbà tí àlejò bá dé, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń ní kí n yọ jáde nínú kíláàsì. Mo sì ń yọ wọ́n." Ó gbé fóònù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa ti ṣe igbákejì rẹ̀ rí. Mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé òun nílò kọ́kọ́rọ́ géètì ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la, kó má sì bi òun ní ìbéèrè. Mo pe rẹfirí àti balógun Oǹdó lálẹ́ náà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Bí a ṣe gbá àṣekágbá lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òwu láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìyẹn, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Mà wá, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn. Wọ́n ti dá èjìká Ọmọ Ọ̀fàdà padà sípò, ṣùgbọ́n dókítà ní ó ti pẹ́ níta jù. Ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé fìlà ńlá rẹ̀, ó di ìwé orin mú, ó dúró sí ẹ̀bá ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìsìn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, a ń gbọ́ agogo, kò lọ. Nígbà ìsinmi ó pè mí, ó fohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Èwo ni ká gbé e ṣubú, èwo ni ká má gbé e ṣubú?" Mo ṣàlàyé pé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni à ń gbé ṣubú. Ó ní, "Ó dáa. Máa lọ."

Wọ́n nà wá. Mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rìnlá. Láìsí Ọmọ Ọ̀fàdà, a ò lẹ́ni tó lè bá balógun wọn sáré, obìnrin tó ń tiro yẹn sì gba àárín wa kọjá nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan bí ẹni pé ó ti mọ ọ̀nà náà tipẹ́. Mo sunkún, mi ò sì tijú. Ṣùgbọ́n ẹkún ẹni tí wọ́n nà ni, kì í ṣe ẹkún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó yàtọ̀ síra.

Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé. Ìgbìmọ̀ ní a dójú ti àlejò, a gbá eré tí kò bófin mu, wọ́n sì ní kí Mà, èmi, àti balógun Oǹdó má ṣe kópa nínú ohunkóhun fún ọdún kan. Wọ́n pè mí wá ṣàlàyé ara mi. Alága fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí ò mọ ọpẹ́ dá. Ta ló gbé ìdíje náà wá sílùú yín?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ta ló fa ìlà rẹ̀?"

Ó ní mo ń rí òun fín. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ Oǹdó sílẹ̀ bí ẹni tó gba ìdíje náà, mo sì fara mọ́ ìyà tèmi. Wọ́n ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ife náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn alága, mo rí i láti ibi tí mo dúró sí. Wọ́n kó fáìlì lé orí rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fàdà kò gbá rọ́gbì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni èjìká náà tún yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú rẹ̀ níbi tó ti ń gbé àpò ìrẹsì. Mà lo ọdún ìyà rẹ̀ tán, kò sì padà. Ó ní àárẹ̀ ti mú òun. N kò dá a lẹ́bi. Èmi padà, mo gbá eré fún ọdún méjì sí i, inú sì ń bí mi ní gbogbo àkókò náà. Mo rò pé ìbínú ló gbé mi sáré.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún ṣe ìdíje náà nílùú mìíràn. Mo lọ wòran. Wọ́n pín ìwé ètò fún wa, wọ́n sì to orúkọ gbogbo ikọ̀ tó ti gba ife sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Níwájú ọdún tiwa, ohun tí wọ́n kọ ni "Kò sí." Mo mú báírò nínú báàgì mi, mo fa ìlà sí i, mo kọ Oǹdó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń wò mí. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fún mi ní tirẹ̀, mo tún kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni, mà?"

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Àwa ni wọ́n nà."